Láptọ́ọ̀pù Olówó Pọ́ọ́kú: Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ, àti Ohun Tó Yẹ Ká Wò Ká Tó Sanwó

Bí ẹ bá ṣí láptọ́ọ̀pù tuntun tí owó rẹ̀ kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń gbé ọwọ́ lé. Lára ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju èyí lọ: Celeron N4020, RAM 4GB, eMMC 64GB, Windows 11. Òbí tó ń ra ẹ̀rọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì kì í sábà ka ìwé yìí. Á béèrè bóyá tuntun ni, á wò ó bóyá ó dán, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlà kékeré yẹn ti sọ bóyá ọmọ náà á fi ẹ̀rọ yìí jáde ilé ẹ̀kọ́, tàbí òmíràn ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ fún kí ọdún tó yí po.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa. Celeron N4020 ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Ọdún 1998 ni ilé iṣẹ́ Intel bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Celeron pe àwọn ọpọlọ tó fẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú, N4020 sì jáde ní ìparí ọdún 2019. Kóòrù méjì péré ló ní, ìyẹn ni pé apá méjì ló lè dá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n wáàtì 6 ni wọ́n wọn agbára rẹ̀ mọ́, nígbà tó jẹ́ pé wáàtì 15 ni ti ọ̀pọ̀ ọpọlọ i5 tí Intel ń ṣe sínú láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì. Nítorí èyí, ooru rẹ̀ kéré débi pé ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò nílò fáànù, kì í pariwo, bátìrì kékeré sì lè gbé e fún wákàtí púpọ̀. Níbi tí iná ti ń lọ láàárọ̀ tí kò ní padà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ohun ńlá nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti ń ṣájì nǹkan rẹ̀ mọ rírì ẹ̀rọ tí kì í jẹ iná.

Iṣẹ́ náà sì ń lọ lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tẹ lẹ́tà, tó fẹ́ ka ìwé PDF, tó fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣetiléwá tàbí wo fídíò ẹ̀kọ́, N4020 tó o ṣe. Àsọdùn ni ti àwọn tó ń sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún nǹkan kan, ó sì ń mú kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan máa tijú ohun tó lè rà.

RAM ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. RAM dà bí àtẹ ìyálọ́jà: ohun tó bá wà lórí àtẹ ló lè tà lójú ẹsẹ̀. Bí àtẹ bá kún, àfi kó máa sáré lọ sáré bọ̀ sí yàrá ẹ̀yìn tó kó ẹrù sí. 4GB ni Microsoft fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ pé ó kéré jù tí Windows 11 lè gbà ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí ẹ gbé ẹ̀rọ náà délé gan-an, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ má ṣí ohunkóhun, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ wá tẹ ibi tí wọ́n kọ Memory sí. Ẹ ó rí i pé ó ti ju ìdajì lọ tí Windows nìkan ti gbà. Ẹ wá ṣí Chrome, kí ẹ ṣí ojú ewé bíi mẹ́fà, kí ẹ fi WhatsApp àti Word kún un, kí olùkọ́ wá pe kíláàsì lórí Zoom. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ á ti máa ro ó kó tó dáhùn.

Ibi tí ẹ̀rọ ń sáré lọ nígbà tí àtẹ bá kún ló wá burú jù. eMMC ni yàrá ẹ̀yìn yẹn, irú ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń lò nínú fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú. Èyí tó yá jù nínú rẹ̀ kò lè kọjá 400MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó jẹ́ pé SSD irú ti NVMe tó ti pẹ́ díẹ̀ pàápàá lè kà tó 3,500MB. Nítorí náà, àìtó RAM àti ìlọ́ra ibi ìpamọ́ á pàdé, èkíní á máa ti ìyà sọ́dọ̀ èkejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ọpọlọ ẹ̀rọ ló kú. Ọpọlọ kò ṣe nǹkan kan. Ó ń dúró de ẹrù tí kò tètè dé ni.

Àyè náà kò sì tó. 64GB tí wọ́n kọ sára páálí máa ń hàn bíi 58GB tàbí 59GB lójú Windows, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á kò dọ́gba. Windows fúnra rẹ̀ á gbà ju 20GB lọ, á tún ya bíi 7GB sọ́tọ̀ fún àtúnṣe tí Microsoft máa ń fi ránṣẹ́. Bí ọmọ bá wá kó fídíò ẹ̀kọ́ àti ìwé sí i fún sáà kan, àtúnṣe ńlá tó bá dé kò ní ráyè wọlé mọ́. Ẹ̀rọ á máa sọ pé kí ẹ pa nǹkan rẹ́, títí tí kò fi ní sí ohun tí ẹ lè pa rẹ́ mọ́.

Ṣé ẹ lè gbé e lọ bá oníṣẹ́ kó bá yín fi kún un? Rárá. Lórí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, wọ́n ti sódà RAM àti eMMC mọ́ bọ́ọ̀dù. Kò sí ihò tí ẹ ó ti ki òmíràn bọ̀ ọ́. Bí eMMC bá sì bàjẹ́, bọ́ọ̀dù lódindi ni wọ́n máa ní kí ẹ rà, owó rẹ̀ sì lè sún mọ́ owó ẹ̀rọ tuntun. Ohun tó ń dùn mí jù nípa ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú nìyí. Mo lè fara mọ́ ẹ̀rọ tó lọ́ra bó bá ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n èyí kò lè dàgbà pẹ̀lú ẹni tó ni ín, ẹni tó sì rà á ni kò lágbára láti tètè ra òmíràn.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kékeré kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ní ìlú Tunis, Nicholas Negroponte, tó ṣe agbátẹrù ètò náà, àti Kofi Annan, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, fi láptọ́ọ̀pù kan han aráyé tí wọ́n ní wọn yóò máa tà ní 100 dọ́là fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó fi jáde lọ́dún 2007, owó rẹ̀ ti sún mọ́ 200 dọ́là. Wọ́n gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, l'Abuja, láti dán an wò. 256MB péré ni RAM rẹ̀, 1GB sì ni ibi ìpamọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ka ojú rẹ̀ nínú oòrùn gan-gan, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, wọ́n sì kọ ètò tó ń darí rẹ̀ láti mọ níwọ̀n agbára rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀: Windows tó wà lórí ẹ̀rọ olówó ńlá náà ni wọ́n gbé ka N4020 lórí.

Ẹni tó bá ti ní irú ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ lè fi Linux tó fúyẹ́, bíi Lubuntu, rọ́pò Windows, yóò sì mí dáadáa. Chromebook náà wà, tí Google ṣèlérí àtúnṣe ọdún mẹ́wàá fún àwọn tó jáde láti ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ibi tí dátà ti wọ́n, ẹ̀rọ tó fẹ̀yìn ti íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ẹ̀ ń kó ìnáwó mìíràn báni. Ọmọ tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá sì ń lo AutoCAD kò ní rí ojúlówó ètò náà fi sórí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí ọjà Computer Village n'Ìkẹjà. Owó tó ra N4020 tuntun sábà máa ń sún mọ́ ohun tó ra Latitude, ThinkPad tàbí EliteBook tòkunbọ̀, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ti lò fún ọdún mélòó kan kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ wọn ṣeé tú. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ lè sọ RAM 8GB di 16GB, ẹ sì lè pààrọ̀ SSD, àyàfi àwọn tín-ínrín tí wọ́n ti sódà RAM tiwọn náà. Èmi ó mú irú èyí ṣáájú tuntun tó ní 4GB, láìṣiyèméjì.

Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5. Nínú i5-8250U, 8 yẹn ń sọ pé ìran kẹjọ ni. Láti ìran kẹjọ ni Windows 11 ti ń gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọpọlọ Intel wọlé. I5-6300U àti i5-7200U kò sí lára wọn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025 sì ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 dópin fún gbogbogbòò, nítorí náà ìran kẹfà tó dán gbinrin lórí káńtà lè jẹ́ ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń ṣí sílẹ̀ fún olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wọ́n tan án lójú yín, kí wọ́n ṣí Command Prompt, kí wọ́n tẹ powercfg /batteryreport. Ẹ̀rọ á kọ ohun tí bátìrì lè gbà nígbà tó wà lọ́tun àti èyí tó lè gbà báyìí. Bí ti báyìí kò bá tó ìdajì ti àkọ́kọ́, owó bátìrì tuntun gbọ́dọ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè é. Ẹ tún wọ inú BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò tó kọ́kọ́ ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé. Bó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹni tó bá ṣáà ń fẹ́ tuntun nítorí bátìrì àti ìdánilójú ilé iṣẹ́ kò ṣàṣìṣe. Kó wá èyí tó ní Intel N100, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023: kóòrù mẹ́rin, wáàtì 6 kan náà, ó sì yá ju N4020 lọ dáadáa. Kí RAM rẹ̀ má dín ní 8GB, kí ibi ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ SSD tó ṣeé yọ, kó sì béèrè bóyá ó ń gba iná láti ihò USB-C, kí ṣájà tó bá bàjẹ́ má baà di ìṣòro. Bí owó kò bá tíì tó èyí, tí ìran kẹjọ tòkunbọ̀ náà sì ṣì ga ju àpò lọ, ó sàn kí ọmọ fi fóònù rẹ̀ ka ìwé fún oṣù díẹ̀ sí i, ju kí ẹ fi owó tí ẹ ti ń tù jọ ra 4GB tí wọ́n ti sódà mọ́ bọ́ọ̀dù.