Ọlámidé: Ọmọ Bàrígà tó sọ orin di òwò, tó ń fún ọmọ iṣẹ́ ní òmìnira

Ẹni tó bá gba inú Ṣómólú kọjá lọ sí Bàrígà yóò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó tó fojú rí ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti pósítà àwọn olóṣèlú. Ìlànà kan sì wà tí gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ̀ dáadáa. Ọmọ á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, á sìn ín fún ọdún mélòó kan. Nígbà tó bá mọ iṣẹ́ tán, wọn á pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ jọ, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á gba òmìnira, á sì lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbòmìnira, àwọn èèyàn kì í fẹ́ fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Bí èèyàn bá wo ọ̀nà tí Ọlámidé Gbénga Adédèjì, ọmọ Bàrígà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọlámidé tàbí Baddo, gbà ń ṣòwò orin, yóò rí i pé ó jọ ìlànà yìí gan-an. Orin ló sọ ọ́ di olókìkí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ àti àwọn èèyàn tó ti ibẹ̀ jáde ló sọ ọ́ di oníṣòwò.

*Àdúgbò tó ti jáde*

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta, ọdún 1989 ni wọ́n bí i, Bàrígà ló sì dàgbà sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúgbò náà mọ̀ pé ojú méjì ló ní. Ní apá kan, ilé ìwé ló yí i ká. Yunifásítì Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 wà ní Akọka tó múlé tì í, ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859 náà sì kó wá sí Bàrígà ní 1959. Ní apá kejì, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé etí ọ̀sà yóò bá àwọn apẹja àti ilé onípákó, níbi tí jíjẹ òòjọ́ ti le koko. Ọ̀pọ̀ ará Èkó tí kò dé ibẹ̀ rí, ìròyìn ọmọ ìta àti ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn nìkan ni wọ́n fi mọ Bàrígà.

Inú ilé olówó kọ́ ni Ọlámidé ti wá, òun fúnra rẹ̀ ti sọ èyí léraléra nínú orin àti nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni olórin àkọ́kọ́ tí àdúgbò náà máa ní. 9ice, tó gbé "Gongo Aṣọ" jáde ní 2008, gbé Ṣómólú àti Bàrígà dàgbà. Nígbà tí orin náà ń dún káàkiri, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò rí i pé ẹni tó ń fi òwe àti ìjìnlẹ̀ Yorùbá kọrin náà lè di gbajúmọ̀.

*Ó kọ́ṣẹ́ kó tó di ọ̀gá*

Ní 2010, Ọlámidé gbé "Ẹni Dúró" jáde. ID Cabasa ló ṣe orin náà fún un, ilé-iṣẹ́ Coded Tunes ló sì wà nígbà náà. Ọdún yẹn gan-an, nínú oṣù kẹrin, ni ikú mú Dagrin, ọ̀dọ́kùnrin tí àwo rẹ̀ "C.E.O" fi han gbogbo ayé pé ráàpù tí wọ́n fi Yorùbá kọ lè tà. Àwọn olólùfẹ́ orin ń wá ẹni tí yóò gba ọ̀pá náà. Nígbà tí àwo àkọ́kọ́ Ọlámidé, "Rapsodi", jáde ní 2011, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé àwọn ti rí i.

Ọdún 2012 lòun náà gbòmìnira. Ó kúrò ní Coded Tunes, ó dá YBNL Nation sílẹ̀, ó sì gbé àwo kejì jáde lórúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Láti 2011 títí di 2017, kò sí ọdún kan tí kò gbé àwo jáde.

Ọgbọ́n òwò ló wà nídìí èyí. Nígbà náà, sídíì ni wọ́n ṣì ń tà, àwọn tó ń ṣe ayédèrú kì í sì jẹ́ kí owó tó wà nídìí rẹ̀ dé ọwọ́ olórin. Òde ìnáwó àti ìpolówó ọjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni owó ti ń wọlé. Olórin tí kò bá sì ní orin tuntun lẹ́nu àwọn èèyàn, kò sẹ́ni tó máa pè é. Ọlámidé kò jẹ́ kí ẹnu sinmi lórí orúkọ rẹ̀.

Ní 2014, ó bẹ̀rẹ̀ eré àṣekágbá ọdún tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní OLIC ní Eko Hotel, Victoria Island. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2017, pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Sùúrùlérè ló gbé e lọ. Àwọn kan bẹ̀rù pé pápá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ní kún, síbẹ̀ ó gbé eré náà kúrò ní Erékùṣù wá sórí ilẹ̀ níbi tí àwọn tó ń kọrin fún ń gbé.

*Àwọn tó gba òmìnira*

Apá ibi tó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé fara balẹ̀ wò nìyí. Ní 2014, YBNL gba Lil Kesh, ọmọ Bàrígà bíi ti ọ̀gá rẹ̀, ẹni tó gbé "Shoki" jáde. Nígbà tó fi máa di 2016, ó ti kúrò, ó sì ti dá YAGI Records sílẹ̀. Adékúnlé Gold, tó máa ń bá ilé-iṣẹ́ náà ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, di olórin wọn ní 2015. Ó gbé àwo "Gold" jáde ní 2016, lẹ́yìn náà lòun náà lọ dá dúró. Fireboy DML wọlé ní 2018. "Peru" tó kọ ní 2021, tí Ed Sheeran bá a tún kọ, dé ipò kejì lórí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àṣàkẹ́ wọlé ní 2022, ó sì gbé "Mr. Money With The Vibe" jáde lọ́dún kan náà. Ní 2025, òun náà lọ dá Giran Republic sílẹ̀.

Nínú òwò orin Nàìjíríà, kóòtù tàbí ojú ewé Twitter ni irú ìpínyà báyìí sábà máa ń parí sí. Ti YBNL kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2025 tí Àṣàkẹ́ kúrò náà ló bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kọ "99". Young Jonn, tó jẹ́ pé ìlù ló ń ṣe fún àwọn olórin YBNL tẹ́lẹ̀ kó tó di olórin fúnra rẹ̀, wà nínú orin náà pẹ̀lú.

Àǹfààní wà nínú èyí fún ọ̀gá náà. Ní 2020, EMPIRE, ilé-iṣẹ́ orin láti San Francisco ní Amẹ́ríkà, bá YBNL dòwò pọ̀. Ayé sídíì ti lọ nígbà náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni orin ti ń pawó. Àdéhùn yìí ló la ọ̀nà òkèèrè fún Fireboy àti Àṣàkẹ́. Ó tún la ọ̀nà fún Ọlámidé alára, nítorí pé "Amapiano", tí òun àti Àṣàkẹ́ jọ kọ, wà lára àwọn orin tí wọ́n yàn fún àmì ẹ̀yẹ Grammy ti 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tyla, ọmọ South Africa, ló gbà á.

*Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án*

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń yìn ín o. Orúkọ YBNL gan-an, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "Yahoo Boy No Laptop", ti fa àríyànjiyàn. Àwọn òbí kan ní kò yẹ kí wọ́n fi orúkọ oníjìbìtì ṣeré ní àdúgbò tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá ọ̀nà àbùjá sí owó. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń fèsì pé ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, tó ń fi ọpọlọ rẹ̀ jẹun, ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ní 2017, àjọ NBC tó ń rí sí iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní kí wọ́n má ṣe gbé "Wo" àti "Wavy Level" sáfẹ́fẹ́. Ní 2018, "Science Student" tún dá awuyewuye sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ti ẹnikẹ́ni sídìí rẹ̀.

Ìbínú tirẹ̀ náà ti hàn síta rí. Níbi ayẹyẹ Headies tó wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, ó bọ́ sórí pèpéle, ó ní Lil Kesh ni àmì ẹ̀yẹ Next Rated tọ́ sí, kì í ṣe Reekado Banks. Òun àti Don Jazzy sọ̀rọ̀ síra wọn lórí Twitter, gbogbo Èkó sì gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi parí ìjà náà. Àwọn kan bá a wí pé ó ṣe àṣejù, àwọn mìíràn ní bí bàbá ṣe máa ń gbèjà ọmọ ló ṣe.

*Ohun tó jẹ́ ti ilé*

Lórí ọ̀rọ̀ ìdílé, ọkùnrin tó ń pariwo lórí ìtàgé yìí kì í pariwo rárá. Ó di bàbá ní 2015, síbẹ̀ kì í fi àwọn ọmọ rẹ̀ polówó ara rẹ̀ káàkiri, kì í sì í gba oníròyìn láyè láti tú ilé rẹ̀ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, ìyá rẹ̀ jáde láyé, kò pẹ́ lẹ́yìn eré ńlá tó ṣe ní Sùúrùlérè. Òrìṣà bí ìyá kò sí, ẹni tó bá ti ṣọ̀fọ̀ ìyá rí mọ̀ pé òkìkí kò lè dí àlàfo yẹn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ó gbé àwo mìíràn jáde, orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi pè é. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Bàrígà ló ń kọ ọ̀rọ̀ ráàpù sínú ìwé àjákọ, tí wọ́n ń retí ọjọ́ tí ẹnìkan yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wọn kò ju èyí tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ti mọ̀ tipẹ́ lọ: kí èèyàn kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó dá tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá tó àkókò, kó má sì ṣe di ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.