Carina Tó Kọ̀ Láti Dúró Jẹ́ẹ́

Ẹ̀gbẹ́ títì tó gba Ìlaròó lọ sí Ìbèṣè ni ọgbà mẹkáníìkì tí mo yà sí wà. Ọ̀sán ò tíì pọ́n, àmọ́ ooru ti gba gbogbo abẹ́ páànù. Àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ń tẹ̀ léra wọn kọjá, eruku pupa sì ń bà lé orí sípánà, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, títí dé orí ìdérí ìkòkò ìyá tó ń ta láfún lábẹ́ igi máńgòrò. Òórùn bẹntiróò, ti ọ́ìlì àlòkù àti ti ọbẹ̀ ewédú dàpọ̀ mọ́ra, ebi àti èébì wá ń bá ara wọn du ikùn mi.

Takisí kan ni àwọn mẹkáníìkì dojú kọ. Carina E ni, irú èyí tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Burnaston, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí ọdún 1992, tó sì gba Kùtọnu wọlé wá kún ilẹ̀ Yewa kí ìjọba tó fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé ní January 2017. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣá. Ìró rẹ̀ ló pe etí mi: ó fà sókè vùùù, ó rọlẹ̀, ó gbọ̀n débi pé nọ́ńbà iwájú ń lu bọ́ńpà gbẹ̀kẹ̀gbẹ̀kẹ̀, bó sì ṣe fẹ́ kú báyìí ló tún ta jí bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú oorun. Bí awakọ̀ bá tẹ tọ́rótù, ara rẹ̀ á balẹ̀. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó tún di ìjàngbọ̀n.

“Epo ni,” awakọ̀ wí. “Wọ́n ti po epo inú kẹ́ẹ̀gì yẹn.”

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ní November 2019 ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè mọ́, ìgbà náà sì ni kẹ́ẹ̀gì di ilé epo ọ̀pọ̀ èèyàn lápá ibí.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká wò ó ná,” ọ̀gá mẹkáníìkì dáhùn. Ó fa epo díẹ̀ sínú ike omi tó mọ́ gaara, ó gbé e kalẹ̀ sójú oòrùn. Bí omi bá wà nínú epo, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí. A dúró. Kò sí omi.

Ó fi àkísà gbígbẹ di wáyà pulọ́ọ̀gì mú, ó ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyíkéyìí tó bá yọ, ẹ́ńjìnnì á sọ̀rètí nù díẹ̀ sí i. Ìyẹn ni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wá ní kí wọ́n pa rédíò. Ó tẹ etí sílẹ̀ lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, àfi ìgbà tí tírélà kọjá ló gbórí sókè, tó ṣépè lábẹ́nu.

Ọmọ iṣẹ́ gbé ike tí wọ́n ti lu ìdérí rẹ̀ wá. “Ọ̀gá, omi rèé, sà.” Ọ̀gá ń ta omi sí àwọn ọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi kan èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì fa omi náà mu, ìró rẹ̀ sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Ọ́ọ̀sì náà ò ju ìka ọwọ́ lọ. Iná ẹ́ńjìnnì ti sọ rọ́bà rẹ̀ di igi, ó ti là lẹ́nu.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí: atẹ́gùn tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé mú kí ẹ́ńjìnnì máa sáré. Kọ̀ǹpútà mọ́tò rí i pé ẹsẹ̀ ò sí lórí tọ́rótù, ó gé epo. Eré rọlẹ̀. Ó tún tú epo sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn fà á látàárọ̀ nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe kò wá ọ́ọ̀sì. Ńṣe ló fi sukudiráfà yí síkúrùù tọ́rótù sókè kó má baà kú. Epo sì ń jóná lọ; látìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní May 2023, awakọ̀ wo ló fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀?

Wọ́n gé ọ́ọ̀sì lára ẹ́ńjìnnì àlòkù kan tó wà nílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti bẹntiróò fọ ẹnu tọ́rótù. Omi dúdú bí aró ń kán sílẹ̀. Ọ̀gá dá síkúrùù padà. Wọ́n ṣáná sí i, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dúró jẹ́ẹ́.

Ọ̀gá ní pulọ́ọ̀gì ti jẹ, kí Bàbá pààrọ̀ wọn. Bàbá ní ó di ẹ̀yìn ọjọ́ ọjà. Wọ́n dúnàá-dúrà lórí owó iṣẹ́ títí, ọmọ iṣẹ́ sì lọ mú ìwé gbèsè wá láti kọ èyí tó kù sílẹ̀.