Láti Orí Ìròyìn dé Orí Àríyànjiyàn: Ìgbaradì Akẹ́kọ̀ọ́ fún Àròkọ Ìdánwò lórí Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà (1967–1970)

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ni ó ń ṣe àpapọ̀ Yorùbá àti Ìmọ̀ Ìtàn. Bí wọ́n bá jáde lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n máa ń gbé fún wọn. Ohun tí a ṣàkíyèsí ni pé àwọn olùkọ́-ọ̀la wọ̀nyí kì í mú ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa àròkọ Yorùbá wọ inú kíláàsì Ìtàn. Wọn a kọ́ ọmọ ní ìlapa èrò ní agogo mẹ́sàn-án, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ohun èlò tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá tó láti gba akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn là nínú yàrá ìdánwò. Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ogun mìíràn tí ó sún mọ́ ọmọ Nàìjíríà tó o, kò sì sí èyí tí ó rọrùn tó o láti kọ ní ìkọkúkọ.

Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama pé, 'Báwo ni ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì ti kópa tó nínú ohun tí ó fa Ogun Abẹ́lé?', ọ̀pọ̀ wọn ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní 1966. Wọn a ka ikú Tafawa Balewa, wọn a dé orí Ironsi, wọn a kọjá sí Aburi, wọn a ja ogun náà tán, wọn a sì parí rẹ̀ ní oṣù kìíní 1970. Epo rọ̀bì yóò yọjú lẹ́ẹ̀kan péré nínú ojú ewé mẹ́ta. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ìtàn, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè. Nígbà tí èsì bá jáde, ẹkún ni yóò máa sun pé òun kàwé. Lóòótọ́ ni ó kàwé.

Ní èdè tiwa, a lè sọ ibi tí àṣìṣe náà wà ní gbólóhùn kan: àròkọ oníròyìn ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ, àròkọ alárìíyànjiyàn ni wọ́n béèrè. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Oníròyìn ń tọ ẹsẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Alárìíyànjiyàn ní èrò kan tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ sì di ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mímọ ohun tí ìbéèrè ń béèrè

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń pàṣẹ nínú ìbéèrè. 'Sọ' àti 'to' ń fẹ́ kókó ní ṣókí. 'Ṣàlàyé' ń fẹ́ ìdí àti bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. 'Jíròrò' ń fẹ́ ìhà méjì ó kéré tán. 'Báwo ni ó ti tó' ń fẹ́ ìdájọ́: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbé nǹkan kan sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìdánwò yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ọmọ má fi èdè abínibí rẹ̀ rò ó kí ó tó kọ ọ́. A gba olùkọ́ níyànjú pé kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ìbéèrè sọ ní Yorùbá fún un. Ọmọ tí kò bá lè tún un sọ kò tíì gbọ́ ọ yé.

Títo okùnfà sí ìsọ̀rí

Àwọn okùnfà ogun náà pọ̀, ọmọ tí ó bá sì há wọn sórí láìtò wọ́n yóò dàrú. Ìsọ̀rí mẹ́ta tó. Èyí àkọ́kọ́ ni okùnfà tí ó ti pẹ́ nílẹ̀: ìfura láàrin àwọn ẹkùn, rògbòdìyàn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962, àríyànjiyàn lórí ètò ìkànìyàn 1962 sí 1963, ìdìbò àpapọ̀ tí ó dàrú ní ìparí 1964, àti ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹwàá 1965 tí ó yọrí sí iná sísun àti ìpànìyàn.

Ìsọ̀rí kejì ni wàhálà 1966. Àwọn ológun fipá gbàjọba ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní. Wọ́n pa Tafawa Balewa, Ahmadu Bello àti Ládòkè Akíntọ́lá. Ironsi gorí àlééfà, ó sì ṣe òfin kẹrìnlélọ́gbọ̀n ní oṣù karùn-ún, èyí tí ó sọ Nàìjíríà di abẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, àwọn ológun mìíràn dìtẹ̀. Wọ́n mú Ironsi àti Adékúnlé Fájuyì, ẹni tí ó gbà á lálejò ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Yakubu Gowon di olórí. Láàrin oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìgbò àti àwọn ará Ìlà-Oòrùn mìíràn ní Àríwá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó yè é sì sá padà sílé.

Ìsọ̀rí kẹta ni okùnfà ojú-ẹsẹ̀: ìpàdé Aburi ní orílẹ̀-èdè Ghana (ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún oṣù kìíní 1967) tí ìhà méjèèjì túmọ̀ àdéhùn rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dídá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, ìkéde Biafra láti ẹnu Ojukwu ní ọgbọ̀njọ́ oṣù náà, àti ìbọn tí ó kọ́kọ́ dún ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje 1967.

Ọ̀nà kan wà láti rántí ọjọ́ tí ó ṣe pàtàkì: ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní 1970 náà ni Philip Effiong fi ìwé ìtẹríba lélẹ̀ ní Èkó. Ogun náà fúnra rẹ̀ gba nǹkan bí ọgbọ̀n oṣù.

Lílo ẹ̀rí: àpẹẹrẹ ìpínrọ̀ kan

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìbéèrè epo rọ̀bì. Ìpínrọ̀ tí ó dára máa ń ní ohun mẹ́rin: kókó, ẹ̀rí, àlàyé, àti okùn tí ó so ó mọ́ ìbéèrè. Irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ lè lọ báyìí:

'Epo rọ̀bì mú kí ìyapa náà le sí i, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó bí i. Láti 1956 tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé ọrọ̀ wà ní agbègbè náà. Nígbà tí Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀, ìpínlẹ̀ Rivers àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn bọ́ kúrò lọ́wọ́ Enugu, púpọ̀ nínú kànga epo sì bá wọn lọ. Lẹ́yìn ìkéde Biafra, ìjọba méjèèjì ni ó ń béèrè owó epo lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Shell-BP. Èyí fi hàn pé ìhà kọ̀ọ̀kan mọ iyì ohun tí ó wà nílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rù tí ìpànìyàn 1966 dá sílẹ̀ ni ó mú kí àwọn ará Ìlà-Oòrùn gbà pé ẹ̀mí wọn kò sí lábẹ́ ààbò mọ́. Epo ni a bù sí iná. Kì í ṣe òun ni ó ṣá a.'

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lè gbà pé epo ni ó ṣe pàtàkì jù. Kò burú. Olùyẹ̀wò kì í fi máàkì fún èrò. Ohun tí ó fi gbe èrò náà lẹ́sẹ̀ ni ó ń wò.

Kíka ẹ̀rí láìṣègbè

Kò sí ẹ̀rí tí kò ní ẹni tí ó ni ín. Ní 1980, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó gba ipò Benjamin Adékúnlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀ ní 1969, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí ogun náà. Ní ọdún kan náà ni Alexander Madiebo, tí ó jẹ́ olórí ọmọ ogun Biafra, tẹ tirẹ̀ jáde. Ogun kan ni wọ́n jà. Ìwé méjì ni wọ́n kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ọ̀kan ṣoṣo ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ọ̀rọ̀ tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1967. Àwọn kan sọ pé ó ṣèlérí pé Yorùbá yóò bá Ìgbò jáde. Àwọn mìíràn ní kò sọ irú rẹ̀. Bí a bá ka gbólóhùn náà bí onímọ̀ èdè, a ó rí i pé gbólóhùn kání ni: bí wọ́n bá fi ìwà tàbí àìṣe ojúṣe jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn lọ, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó náà kò gbọdọ̀ dúró. 'Bí' ni ó wà níbẹ̀. Ibi tí ìtumọ̀ dúró sí ni ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Níhìn-ín ni olùkọ́ èdè ti wúlò fún olùkọ́ Ìtàn.

Ìtàn ilé pẹ̀lú

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí ó rántí ogun náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn a máa sọ bí ẹ̀rù ti bá ará ìlú nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ 1967, tí wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá, Victor Bánjọ, ni ó kó wọn wá; Biafra fúnra rẹ̀ ni ó sì pa á ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Wọn a sọ nípa Wọlé Ṣóyínká tí ìjọba àpapọ̀ tì mọ́lé láti 1967 di 1969, àti nípa Àgbẹ̀kọ̀yà tí ó bínú sí owó orí ní 1968 sí 1969. Ẹ̀rí pàtàkì ni ìwọ̀nyí, wọ́n sì fi hàn pé ìhà Yorùbá kò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ìtàn ilé kì í dúró fún gbogbo ìtàn. Nínú kíláàsì kan náà, ó lè jẹ́ pé ọmọ Ìgbò wà tí ebi 1968 pa ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tàbí tí wọ́n fún bàbá àgbà rẹ̀ ní ogún pọ́n-ùn péré lẹ́yìn ogun láìka iye tí ó ní ní báńkì sí. Iye àwọn tí ó kú kò dọ́gba nínú ìwé: àwọn kan ní 500,000, àwọn mìíràn gbé e dé 3,000,000, ebi ni ó sì pa púpọ̀ nínú wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ iye méjèèjì, kí ó sọ pé ìṣirò ni. Kí olùkọ́ pẹ̀lú ṣọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. 'Ogun Ojukwu' tí a máa ń pè é ní ìgboro ti dá ẹnìkan lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. 'Ọlọ̀tẹ̀' náà rí bẹ́ẹ̀. 'Ogun Abẹ́lé' kò gbè sí ẹnikẹ́ni.

Nínú yàrá ìdánwò

A dá a lábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ṣe ìlapa èrò: ìdáhùn rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ̀rí méjì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ìfáárà dáhùn ìbéèrè lójú ẹsẹ̀. Kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ru kókó kan ṣoṣo. Kí ó gba èrò tí ó ta ko tirẹ̀ láyè, kí ó sì dá a lóhùn. Kí ìgúnlẹ̀ má ṣe tún gbogbo rẹ̀ sọ. Kí ó ṣe ìdájọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìdánwò, ìlapa èrò méjì lọ́sẹ̀ sàn ju àròkọ kan tí a dà kọ láti inú ìwé lọ.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọgbọ́n àròkọ Yorùbá kò yàtọ̀ sí ọgbọ́n tí ìdánwò Ìtàn ń béèrè. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìlànà-ẹ̀kọ́ ní 2007 gbé Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní kíláàsì ìsàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìran kan sì dàgbà láìgbọ́ nípa ogun yìí àfi láti ẹnu ẹni tí inú ń bí. Àwọn ọmọ ìran náà ló ń bọ̀ wá di olùkọ́ báyìí. Bí a bá kọ́ wọn láti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, kí wọ́n fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì ṣe ìdájọ́ láìbínú, èrè rẹ̀ yóò kọjá máàkì. Ọ̀rọ̀ tí ó pa èyí tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sọ bí àlọ́.