Ohun tí Ọmọ Yorùbá Ti Mọ̀ kí Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Tó Wọlé

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń ṣe ní Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, nítorí pé ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó fẹ́ lọ kọ́, ì báà sì jẹ́ ìmọ̀ òfin, ìta ni yóò wà. Àjọ ìdánwò WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, ń fi ìbéèrè 80 dán ìmọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìhun gbólóhùn wò nínú abala kìíní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, yàtọ̀ sí àròkọ, àkàyé àti ọ̀rọ̀ sísọ. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, gírámà ní ọjọ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, ohun tí a ń pè ní mood yóò sì wà lójú pátákó lẹ́ẹ̀kan ní sáà bí orúkọ mẹ́ta tí ọmọ gbọ́dọ̀ há sórí. Èyí tí ó tún burú jù ni pé a ń kọ́ ọmọ náà bí ẹni pé kò tíì mọ èdè kankan rí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe tàbí ipò tí nǹkan wà, kì í yí padà ní Yorùbá: "ó lọ" ni, "wọ́n lọ" ni. Wúnrẹ̀n kéékèèké tí ó ń ṣíwájú rẹ̀, bí "ń", "ti" àti "yóò", ni ó ń fi hàn bóyá iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, tàbí ó ti parí, tàbí ó ṣì ń bọ̀. "Ń" nìkan ní iṣẹ́ méjì, nítorí pé "màmá rẹ̀ ń ta iṣu" lè túmọ̀ sí pé ó wà nídìí iṣu báyìí, ó sì lè túmọ̀ sí pé òwò rẹ̀ nìyẹn, kódà bí ó bá ń sùn lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: "she is selling yams" ni ti ìṣẹ́jú yìí, "she sells yams" sì ni ti òwò. Ọmọ tí a bi léèrè iṣẹ́ màmá rẹ̀, tí ó wá kọ ti àkọ́kọ́, kì í ṣe òpè. "Ń" tí ó mọ̀ ni ó gbé wá. Bí olùkọ́ bá kàn fi bírò pupa fa ilà sí i, yóò tún kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tí ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá bi í léèrè èwo nínú "ń" méjèèjì ni ó ní lọ́kàn, ọmọ náà yóò lè máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀rọ̀. "Ṣe" kan ṣoṣo ni a fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, òun náà ni a sì fi ń ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n "do" ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ti ìṣáájú, "make" fún èkejì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó máa ń bá a rìn ni ó yẹ kí a jọ kọ́, gẹ́gẹ́ bí A. S. Hornby, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ní Japan, ti mọ̀ nígbà tí ó ṣe àkójọ ìwé atúmọ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ní ọdún 1942, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ lónìí sí Oxford Advanced Learner's Dictionary.

Mood ni ó máa ń da ọmọ láàmú jù. Òun ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbà fi ọkàn asọ̀rọ̀ hàn: bóyá ó ń sọ ohun tí ó gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, tàbí ó ń pàṣẹ, tàbí ohun tí ó fẹ́, tí kò tíì ṣẹlẹ̀ tàbí tí kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́, ni ó ń sọ. Méjì àkọ́kọ́ kò le. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń pè ní subjunctive, fara pamọ́ púpọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò fara pamọ́ rárá ní Yorùbá. "Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ó mú ìwé wá" jẹ́ ìròyìn. "Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí ó mú ìwé wá" jẹ́ ohun tí ọ̀gá ń fẹ́, "kí" nìkan ni ó sì yà wọ́n. Níbi tí Yorùbá bá ti ń fẹ́ "kí" báyìí ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ pé "the principal insists that he bring a book", láìsí "s" lẹ́yìn "bring". Ọmọ tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ láti máa fi "s" yẹn kún un ni yóò kọ́kọ́ ṣì í níbí, èyí sì lè mú un rẹ̀wẹ̀sì bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Gbólóhùn kání náà wà níbẹ̀. "Bí ó bá wá, yóò rí i" ṣì fi àyè sílẹ̀. "Ká ní ó wá ni, ìbá ti rí i" fi hàn pé ẹ̀pa kò bóró mọ́. Láti sọ irú ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń yá ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe ti àná lò, nítorí náà ni ó fi ń sọ pé "it is high time we left", gbólóhùn kan tí àwọn aṣèdánwò fẹ́ràn, tí ọmọ sì ń bínú sí, nítorí pé kò tíì sí ẹni tí ó lọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá jókòó síbi àríyá tí ó ní "ó yẹ kí a ti lọ báyìí", "ti" tí ó ń sọ ohun tí ó parí ni ìyá náà lò fún ìrìn tí wọn kò tíì rìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé nínú A Grammar of Yoruba, tí ó jáde ní ọdún 1966, àti Ọládélé Awóbùlúyì nínú Essentials of Yoruba Grammar ti ọdún 1978, ti la ọ̀nà sí ìmọ̀ gírámà Yorùbá, ó sì yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wà lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá.

Kì í sì í ṣe pé Yorùbá ń dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní èdè náà lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá la ẹnu sọ Yorùbá, ohun tí ó ń dunni gan-an.

Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni ibi tí gírámà, ọ̀rọ̀ àti mood ti ń pàdé. Ọmọ tí ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yóò rò ó lọ́kàn pé "ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ọjọ́ méjì sí i", ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ sì wà nínú "ẹ". Nígbà tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "please give us two more days", "ẹ" ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà, nítorí pé "you" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọba àti ọmọdé, ohun tí ó sì kù létí ẹni tí ń ṣe máàkì jọ àṣẹ. Ọ̀wọ̀ tí Yorùbá fi sínú "ẹ", inú mood ni Gẹ̀ẹ́sì fi í sí: "we should be grateful if you would allow us two more days". Ọmọ tí ó bá ti lóye kání yóò rí i pé "would" ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná, pé ó ń fi ìpinnu sílẹ̀ fún ọ̀gá ni.