Kí Ni Orúkọ Àbúrò Bàbá Yín?



Níbi fídáù kan tí a ṣe ní Ire-Akárí, ní Ìsọlọ̀, mo ní kí wọ́n dá orúkọ àwọn òkú ìdílé náà, kí a lè ṣàdúà fún wọn. Ìyá àgbà kan ní, “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àbúrò bàbá mi tó lọ sógun Bọ́mà.” Mo bèèrè orúkọ rẹ̀. Ìyá dákẹ́. “Bùọ̀dá Sójà” nìkan ni ó mọ̀. Lébìrà rélùwéè ni bàbá rẹ̀. Àwọn àbúrò bàbá náà méjì ló wọṣẹ́ sójà. Ọ̀kan padà wálé, èkejì kò padà. Èyí tó padà kò sọ̀rọ̀ ogun fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Ogun Hitler nìyẹn, láti 1939 sí 1945. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gánà, Sàró àti Gáḿbíà kọjá òkun, kí wọ́n lọ bá àwọn ará Jàpáàn jà ní Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Igbó dí, òkè ga, ọ̀nà mọ́tò kò sí. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ogun.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹni tó sọ tirẹ̀. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó sá nílé lọ wọṣẹ́ sójà ní 1942. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ní kó máa tọ́jú. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Jàpáàn yìnbọn lù wọ́n lójijì létí odò Kaladan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, wà nínú igbó láìní olùrànlọ́wọ́.

Ta ni Ọlọ́hun rán sí wọn? Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbẹ̀yìn, ó gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀. Bí àwọn ọ̀tá bá gbọ́, tẹbí-tará rẹ̀ ni ìbá bá a lọ. Kò tú àṣírí wọn títí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní oṣù kejìlá 1944.

Isaac kọ ìtàn yìí sínú ìwé, ó jáde ní 1999. Ní 2011, a bá a mú lẹ́tà ọpẹ́ lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Isaac náà kú ní 2012. Nítorí pé ó kọ ọ́ sílẹ̀, àwa náà lè ṣàdúà fún àgbẹ̀ náà lónìí.

Ẹ̀yin ìyá, àwọn ọmọ yín mọ̀wé kọ. Lálẹ́ òní, lẹ́yìn ìrun Iṣáì, ẹ pè wọ́n jókòó ti àgbàlagbà ilé yín. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lọ sógun: ta ló bí i, ọdún wo ló lọ, ta ló rí i kẹ́yìn. Ní ibojì Taukkyan ní Myanmar, wọ́n gbẹ́ orúkọ sójà bí 27,000 tí a kò mọ sàréè wọn sára òkúta. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú wọn. Bí ẹ bá mọ orúkọ ti yín, ẹ lè wá a níbẹ̀.

A ṣàdúà fún Bùọ̀dá Sójà lọ́jọ́ náà. Ọlọ́hun mọ orúkọ rẹ̀. Àwa ni a kò mọ̀ ọ́n.

Kí Ọba Àánú kẹ́ gbogbo wọn. Àmín.