Àwọn Tí Kò Ní Àmì Ìdánimọ̀

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò ní pàlọ́ lálẹ́ yìí. Kò sí Ìjàpá nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, síbẹ̀ ó yani lẹ́nu ju gbogbo ọgbọ́n Ìjàpá lọ.

Ọlọ́gbọ́n kan wà nílẹ̀ Jámánì láyé àtijọ́, Leibniz lorúkọ rẹ̀. Ó gbà pé kò sí ohun méjì tó jọra délẹ̀ láyé. Lọ́jọ́ kan, nínú ọgbà ààfin Herrenhausen, ọ̀gbẹ́ni kan bá a jiyàn pé òun á rí ewé méjì tí kò fi nǹkan kan yàtọ̀ síra. Olorì Sophie wà níbẹ̀, ó ní kó lọ wá a wá. Ọkùnrin náà sáré kiri gbogbo ọgbà, ó yẹ ewé wò títí, òfo ló bọ́ sí. Leibniz fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà lọ́dún 1716, ọdún tó kú.

Táyé, Kẹ́hìndé, àlejò kì í mọ̀ yín yàtọ̀, àmọ́ ṣé ìyá yín ti ṣì yín pè rí? Àwọn baba wa ní orí tí oníkálùkù yàn lọ́dọ̀ Àjàlá ló fi yàtọ̀ sí ẹnìkejì. Wọn ì bá gbà fún Leibniz kíá.

Ó dáa, ẹ gbé ọpọ́n ayò wá. Mú ọmọ ayò méjì, wò wọ́n níbi ìmọ́lẹ̀. Ọ̀kan lábàwọ́n dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, èkejì ti họ nídìí. Ọ̀nà mélòó la lè gbà pín wọn sínú ilé méjì? Méjèèjì lè wà lọ́tún, méjèèjì lè wà lósì. Alábàwọ́n lè wà lọ́tún kí èkejì wà lósì. Wọ́n sì tún lè pààrọ̀ ipò. Ó di mẹ́rin.

Lọ́dún 1924, olùkọ́ kan ní yunifásítì ìlú Dhaka, Satyendra Nath Bose, ń ṣírò ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ní ẹyọ bíńtín-bíńtín, Bose sì ka tiwọn sí ọ̀nà mẹ́ta péré. Lójú rẹ̀, bí ọ̀kan bá ti wà lọ́tún tí ọ̀kan wà lósì, ó parí. Kò sí pé wọ́n pààrọ̀, torí kò sí èyí tó jẹ́ “èyí” tàbí “ìyẹn”. Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Albert Einstein. Einstein fọwọ́ ara rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ wo ẹyin iná tó pọ́n rẹ̀rẹ̀ yẹn. Bí a bá fi ọ̀nà mẹ́rin ṣírò ooru àti ìmọ́lẹ̀ tó ń tara rẹ̀ jáde, kò ní bá ohun tí a fi irinṣẹ́ wọ̀n mu. Bí a bá fi mẹ́ta ṣe é, ó bá a mu rẹ́gí.

Ti ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú gbogbo átọ̀mù, ẹyọ bíńtín tó para pọ̀ di òkúta àti ara wa, ni wọ́n wà, ọ̀kan kò sì lábàwọ́n tí èkejì kò ní. Lọ́dún 1925, Wolfgang Pauli rí i pé méjì wọn kì í gbé ilé kan náà láéláé. Nínú ọpọ́n wa, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún wọn: ọ̀kan lọ́tún, ọ̀kan lósì.

Ibi tí ẹnu ti yà mí jù nìyí. Òkúta ààrò tó gbé ìkòkò yìí dúró, kí ló dé tí kò wó sínú ara rẹ̀? Òfin Pauli ni kò jẹ́ kó wó. Freeman Dyson àti Andrew Lenard fi ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1967. Lókè ọ̀run, ìràwọ̀ kan ń bá ìràwọ̀ Sirius rìn tí kò tóbi ju ayé wa lọ, tó sì wúwo tó oòrùn. Ohun tó ń jó nínú rẹ̀ ti jó tán. Òfin yìí nìkan ni kò jẹ́ kó rún mọ́ra. Leibniz rò pé bí nǹkan méjì bá jọra délẹ̀, kò sí ìdí tí wọ́n fi máa jẹ́ méjì. Àwọn tó jọra délẹ̀ ti wá wà báyìí, àwọn náà ló sì gbé ayé ró.

Àyìnkẹ́, mo gbọ́ ìbéèrè rẹ. O ní bí ohun tí wọ́n fi mọ ọ́ kò bá lórúkọ, kí ló wá ń jẹ́ kí o jẹ́ Àyìnkẹ́? Èmi gbà pé bí wọ́n ṣe tò ọ́ ni, àti gbogbo ohun tí o ti là kọjá tó hàn nínú títò náà. Bí wọ́n bá yọ gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ara rẹ lóru yìí, tí wọ́n fi tinú òkúta ààrò yìí rọ́pò wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ipò tirẹ̀ gan-an, wọn ò tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Wàá jí láàárọ̀, wàá kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ, ìyá rẹ á sì kì ọ́ ní oríkì rẹ.