Wọ́n yìn ín lójú, wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn lẹ́yìn: Tí ọmọ yín tó ń ṣe tíṣà nílẹ̀ òkèèrè bá ń sunkún lórí fóònù

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ìfúnpá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àmọ́ oògùn nìkan kọ́ ló yanjú ẹ̀.

Màmá kan tí wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ló wá bá mi pé kí n bá àwọn wọn ìfúnpá àwọn. Mo mọ Màmá yìí dáadáa. Wọn kì í fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ṣeré, wọn kì í sì í da iyọ̀ sóúnjẹ bó ṣe wù wọ́n. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, 170 lórí 100 ni ẹ̀rọ gbé jáde. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo tún un wọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ lo oògùn yín láàárọ̀ yìí?" Wọ́n ní àwọn lò ó. Mo ní, "Ṣé ẹ sùn lóru?" Ibẹ̀ lomi ti bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ni. Àwọn ará Japan fẹ́ fi ẹ̀rín pa á."

Ìlú London ni wọ́n bí ọmọbìnrin náà sí, ibẹ̀ ló ti kàwé gboyè ní yunifásítì. Nígbà tó ṣetán, ó gba iṣẹ́ lábẹ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní JET. Ọdún 1987 ni ìjọba ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ti gboyè lè wá láti òkè òkun, kí wọ́n máa ran àwọn olùkọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kan kan ni wọ́n ń fọwọ́ síwèé fún, wọ́n sì lè máa tún un ṣe títí tó fi máa pé ọdún márùn-ún. Oṣù kẹjọ lọmọ náà débẹ̀. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ obìnrin olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Japan, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń dúró níwájú kíláàsì. Tí wọ́n bá ti ṣetán lójoojúmọ́, obìnrin yìí á rẹ́rìn-ín sí i, á ní ó ṣeun, iṣẹ́ náà dára gan-an.

Ó di oṣù kọkànlá, ọ̀gá kan pè é láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà. Ó ní iléèwé sọ pé ó ń yára sọ̀rọ̀ jù, pé eré tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ti pọ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ, àti pé ó máa ń lọ sílé láì dágbére. Nígbà tó wádìí, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí i yẹn náà ló fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Láti ọjọ́ náà lọmọ ò ti rí oorun sùn, ìyá náà ò sì rí i sùn. Ìwé tí wọ́n máa fi bi í bóyá ó fẹ́ ṣe ọdún kejì sì ń bọ̀ nígbà òtútù. Màmá ti ní kó má wulẹ̀ dúró de ìwé kankan, kó máa bọ̀. Wọ́n tún ní kí n júwe oògùn oorun tí àwọn máa fi ránṣẹ́ sí i.

Mo ní kí wọ́n rí dókítà lọ́jọ́ yẹn náà nítorí ìfúnpá wọn. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ná."

Ṣé ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n ni?

Àwọn àgbà wa ní ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun là ń tu jáde. Ohun tí òwe yìí ń sọ, àwọn ará Japan ní orúkọ méjì fún un. Ohun tó wà nínú èèyàn gan-an ni wọ́n ń pè ní honne, ohun tó yẹ kéèyàn gbé síta lójú àwùjọ ni wọ́n ń pè ní tatemae. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń lo tatemae kì í ṣe òpùrọ́. Ẹni tí kò fẹ́ dójú ti ẹnìkejì rẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ní "chotto", tó túmọ̀ sí "díẹ̀", tí wọ́n wá dákẹ́, rárá ni wọ́n ń sọ yẹn. Tí wọ́n bá ní nǹkan kan le díẹ̀, kò ṣeé ṣe ni. Tí wọ́n bá ní àwọn á rò ó wò, ẹ má retí ẹ̀ púpọ̀.

Ṣé àwa náà kì í ṣe é ni? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odidi. Tí ìyá ọkọ bá ní, "Ọbẹ̀ yìí dára o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mà fẹ́ràn ata," ìyàwó ilé mọ̀ pé ata ti pọ̀ jù. Àmọ́ àlejò tí kò mọ àṣà ilé, á rò pé wọ́n ń yin ọbẹ̀ ni. Bó ṣe rí fún ọmọ Màmá nìyẹn.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí ẹjọ́ ń gbà. Níbi iṣẹ́ ní Japan, ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ̀rọ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, ọ̀gá ló máa gbé e padà wá. Àwọn tó ń kọ́ni níléèwé ìjọba lábẹ́ JET, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń gbà wọ́n síṣẹ́, ibẹ̀ náà sì niléèwé máa ń gbé ẹ̀sùn lọ. Àwọn míì wà tó jẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni ló gbà wọ́n, tó wá gba iṣẹ́ iléèwé ṣe. Lábẹ́ irú àdéhùn kan níbẹ̀, òfin ò gbà kí olùkọ́ iléèwé máa pàṣẹ iṣẹ́ fún wọn ní tààrà, iléeṣẹ́ wọn ló gbọ́dọ̀ bá wọn sọ ọ́. Ẹ ò rí i pé ẹni tó rẹ́rìn-ín tó sì dákẹ́, ó lè jẹ́ òfin ló dè é lẹ́nu.

Mi ò sọ pé kò sí ìkà níbẹ̀ o. Kò síbi tí wọn ò sí. Àmọ́ ká tó pe èèyàn ní ọ̀tá, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá àṣà ni, bóyá òfin ni, tàbí inú burúkú.

Ọ̀nà tó gbà wá lọ́tọ̀, òótọ́ inú ẹ̀ lọ́tọ̀

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀gá kan máa ń yìn mí lójú àwọn aláìsàn. Àfi bí ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ ṣe jáde, tí mo rí i pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò kì í tètè kọ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Inú bí mi débi pé mi ò kí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn tí ara mi balẹ̀, mo kó àwọn fáìlì mi jáde, mo wò wọ́n. Òótọ́ ni. Kò yẹ kó gbà á sẹ́yìn mi, àmọ́ òótọ́ ni, ó sì lè ṣe aláìsàn léṣe.

Ohun tí mo ní kí Màmá sọ fún ọmọ wọn nìyẹn. Kó yọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wá sápá kan, kó wo ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn níkọ̀ọ̀kan. Ti pé ó ń yára sọ̀rọ̀, òun náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ti pé kì í dágbére, kò mọ̀ pé ní Japan, ẹni tó bá fẹ́ ṣáájú àwọn yòókù lọ sílé máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn kó tó jáde. Ti eré nìkan ni kò gbà.

Kó má lọ bá obìnrin náà jà ní yàrá olùkọ́. Yàrá ńlá kan ni gbogbo wọn jọ máa ń jókòó sí níbẹ̀, tó bá dójú tì í lójú gbogbo ayé, kò ní bá a sọ òótọ́ mọ́ láé. Kó bá a sọ̀rọ̀ ní àwọn méjì péré. Kó má bi í pé, "Ṣé mo ṣe dáadáa?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún ìyẹn. Kó bi í pé, "Nínú eré méjì tá a ṣe lónìí, èwo ni ká yọ?" Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kéèyàn lè sọ̀rọ̀ láì bú ẹnikẹ́ni. Tí ẹnu bá sì ń wúwo, kó ní kó kọ ọ́ síwèé fún òun.

Àwọn olùkọ́ Japan tún ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní jugyō kenkyū. Wọ́n á wọ kíláàsì ẹnì kan, wọ́n á wò ó bó ṣe ń kọ́ni, wọ́n á wá jókòó sọ ohun tí wọ́n rí. Níbẹ̀, àríwísí kì í ṣe èébú, iṣẹ́ ni. Kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wo tòun náà.

Tó bá wá jẹ́ inú burúkú ni lóòótọ́, kó máa kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sílẹ̀. Japan ti ní òfin tó ní kí iléeṣẹ́ dènà kí ọ̀gá máa fi ipò ni ọmọ iṣẹ́ lára. Ó bẹ̀rẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá lọ́dún 2020, ó kan àwọn kéékèèké náà lọ́dún 2022.

Ìlera ọmọ yín

Lọ́dún 2019, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣàlàyé àárẹ̀ tí wàhálà ibi iṣẹ́ máa ń fà tí kò bá tán bọ̀rọ̀. Wọn ò kà á sí àìsàn, àmọ́ wọ́n ní àmì mẹ́ta ló ní: kó rẹni tẹnutẹnu, kí iṣẹ́ súni tàbí kéèyàn máa fojú burúkú wò ó, kéèyàn má sì lè ṣe é bó ṣe yẹ mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i lára ọmọ yín, ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀. Tí ìbànújẹ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun, tí kò sùn, kó lọ rí dókítà. Tó bá dárúkọ ikú, kó má dọ̀la. Ní Tokyo, àjọ kan tó ń jẹ́ TELL ti ń fetí sí ẹni tọ́kàn rẹ̀ dàrú lórí fóònù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1973.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn ránṣẹ́ sí Japan. Òfin wọn le lórí oògùn oorun àti oògùn tó ní codeine, kódà àwọn oògùn òtútù kan tó ní pseudoephedrine ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ẹ lè fi ìfẹ́ kó ọmọ yín sí wàhálà.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́?

Wákàtí mẹ́jọ ni Japan fi ṣáájú Nàìjíríà. Tí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù lọ́dọ̀ ọmọ yín, agogo kan ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiyín. Ẹ fi àsìkò yẹn sọ̀rọ̀, kí oorun ẹ̀yin méjèèjì má bà jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán. Ẹ má sọ pé ayé ló ń lé e kiri, ìyẹn á jẹ́ kó máa fura sí gbogbo ẹni tó bá rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í pé: Ṣé o jẹun? Ṣé o sùn? Èwo ló jẹ́ òótọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ? Ẹ má sì jẹ́ kó fi ìbínú òru pinnu bóyá ó máa dúró tàbí kó máa bọ̀.

Màmá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ti bá wọn tún oògùn wọn tò, 138 lórí 84 ni ìfúnpá wọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn bi obìnrin náà ní ìbéèrè eré yẹn. Kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìwé kan sórí tábìlì ọmọ náà, ohun mẹ́fà ló kọ síbẹ̀, ìyìn wà nínú ẹ̀, àtúnṣe náà wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ọdún kejì ti dé, ọmọ náà ò tíì fọwọ́ sí i. Màmá ní àwọn ò sọ pé kó dúró, àwọn ò sì sọ pé kó máa bọ̀.

Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ti ń sùn." Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.